Ìdánwò Àwọn Akọ́ṣẹ́ Tó Ń Yẹ Òróró Olóòórùn Wò: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Kan

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni ìdánwò ìṣe tí ilé ẹ̀kọ́ kan ń ṣe fún àwọn akọ́ṣẹ́ tó ń kọ́ bí a ti ń mọ ojúlówó òróró olóòórùn yàtọ̀ sí àbùlà. Èmi kọ́ ni mo jókòó ṣe ìdánwò náà. Èmi ni mo ń bójú tó àwọn tó ń yẹ òróró wò níbi iṣẹ́ wa. Mo ti rán àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ mi lọ síbẹ̀, mo ti ka ìwé ìdáhùn wọn àti ohun tí àwọn olùdánwò kọ sí i, wọ́n sì ti gbà mí láyè láti dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n máa wo bí iṣẹ́ ti ń lọ. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kan ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣètò irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Kí n ti sọ èrò mi síwájú: tábìlì ìwọ̀n wọn dára gan-an, ìdánwò imú wọn kò tó, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà yan àwọn ìgò tí wọ́n ń gbé síwájú akọ́ṣẹ́ ń fẹ́ àtúnṣe tó jinlẹ̀.

Ìdánwò náà kì í bẹ̀rẹ̀ lórí ìgò. Ìdí àgbá ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé àgbá kékeré kan síwájú akọ́ṣẹ́, wọ́n á sì ní kí ó bu èyí tí yóò yẹ̀ wò nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni bóyá yóò kàn ṣí àgbá náà kí ó bu ti òkè, tàbí yóò rò ó pé omi tó ṣẹ́ kù láti ìgbà tí wọ́n fi oru fa òróró náà jáde lè ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni omi máa ń wà kò tíì mọ gbogbo rẹ̀, nítorí pé òróró kànáfùrù wúwo ju omi lọ, orí rẹ̀ sì ni omi máa ń léfòó sí. Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí púpọ̀. Kò gba ẹ̀rọ kankan, ṣùgbọ́n bí a bá ti bu èyí tí kò tọ́, kò sí ìwọ̀n tí a lè wọ̀n lẹ́yìn náà tó lè tún un ṣe.

Ti ìbéèrè orí ìwé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Orúkọ ewéko lédè Látìnì, ìyàtọ̀ tó wà láàárín òróró tí a fi oru fà àti èyí tí a fún jáde láti ara èèpo èso, bí a ti ń tọ́jú ìgò kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ àti ooru: ẹni tó bá ka ìwé rẹ̀ yóò yege.

Tábìlì ìwọ̀n ni mo kà sí ọkàn ìdánwò náà. Ẹ̀rọ refractometer ni wọ́n fi ń ṣáájú, èyí tó ń sọ bí òróró ti ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó. Olùdánwò kì í wo nọ́ńbà tí akọ́ṣẹ́ kọ sílẹ̀ nìkan. Ó ní ìwé kan lọ́wọ́ tó fi ń sàmì sí gbogbo ohun tí akọ́ṣẹ́ ń ṣe bí ó ti ń ṣe é: ṣé ó nu ojú gíláàsì ẹ̀rọ náà mọ́, ṣé ó kọ́kọ́ fi omi àfòyemọ́, ìyẹn omi tí a sè di oru tí a tún gbà padà, dán ẹ̀rọ náà wò kí ó rí i pé ó ka 1.3330 ní 20 °C, ṣé ó wo ìwọ̀n ooru kí ó tó fi kálámù kan ìwé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbóná dé 26 °C láìsọ fún un. Bí ooru bá ti ń lọ sókè ni ìwọ̀n yìí máa ń lọ sílẹ̀, ní nǹkan bí 0.0004 fún 1 °C kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìlànà egbòogi ti ilẹ̀ Yúróòpù fi ìwọ̀n òróró láfẹ́ńdà sí àárín 1.455 àti 1.466 ní 20 °C. Láfẹ́ńdà tó jẹ́ 1.457 ní 20 °C yóò ka nǹkan bí 1.4546 ní 26 °C, ẹni tí kò bá sì wo ìwọ̀n ooru yóò sọ pé kò wọ inú ìlànà, yóò sì dá òróró tí kò ṣẹ̀ padà fún ẹni tó ni ín. Ìgbà tí mo wà níbẹ̀, mo rí akọ́ṣẹ́ kan tó ka nọ́ńbà náà, tó dákẹ́, tó tún wo ìwọ̀n ooru, tó sì lọ yí ẹ̀rọ padà sí 20 °C kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lákọ̀tun. Olùdánwò náà kò sọ nǹkan kan. Ó kàn sàmì sí ìwé rẹ̀.

Polarimeter, ẹ̀rọ tó ń wọn bí òróró ti ń yí ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì tó, ló tẹ̀ lé e. Iná sódíọ̀mù tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ 589 nm ni wọ́n ń lò pẹ̀lú ọ̀pá tó gùn ní 100 mm, òróró ọsàn dídùn ni wọ́n sì sábà máa ń rọ sínú rẹ̀, èyí tó máa ń yí ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀tún gidigidi, láàárín +94° àti +99°. Ìbéèrè tí wọ́n fi pamọ́ sídìí rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín +95° àti −85°, nítorí ibì kan náà ni méjèèjì ń bọ́ sí lójú rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò rọ òróró náà sínú ọ̀pá 50 mm, yóò sì wò ó bóyá +47.5° ni ó kà tàbí −42.5°. Èyí kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè há sórí ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò. Ó ní láti yé e bí ẹ̀rọ náà ti ń ríran. Ti ìgò kékeré tí a fi ń wọn ìwúwo kò yàtọ̀ sí bí wọ́n ti ń ṣe é níbi gbogbo: kí afẹ́fẹ́ má kù sínú rẹ̀, kí a sì nu ara rẹ̀ gbẹ kí ó tó dé orí òṣùwọ̀n.

Ibi ìdánwò bébà ni mo ti kọ́kọ́ ní ẹjọ́ díẹ̀ sọ. A máa ń kán òróró ẹ̀kán kan sórí bébà asẹ́, a ó sì fi í sílẹ̀ di wákàtí 24. Bí àbàwọ́n tó ń dán bí ọ̀rá bá ṣẹ́ kù, a ó fura pé wọ́n ti fi òróró ọlọ́ràá bù ú là. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ náà ń gbà, nítorí náà bébà tí ẹlòmíràn ti kán òróró sí lánàá ni wọ́n ń gbé lé akọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Ìbá wù mí kí wọ́n jẹ́ kí ó kán tirẹ̀, kí wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí i ní ọjọ́ kejì. Síbẹ̀, wọ́n ṣe ohun ọgbọ́n kan: wọ́n fi bébà òróró lẹ́mọ́nù tí a fún láti ara èèpo sáàárín àwọn yòókù. Irú òróró bẹ́ẹ̀ máa ń ní ohun díẹ̀ nínú tí kì í fò lọ, tó ti ara èèpo fúnra rẹ̀ wá, àbàwọ́n tó bá sì kù lórí bébà rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni bù ú là. Púpọ̀ nínú àwọn akọ́ṣẹ́ ló ṣubú níbẹ̀.

Abala ẹ̀rọ GC (gas chromatography) pin sí méjì lójú mi. Ẹ̀rọ yìí máa ń ya àwọn èròjà inú òróró sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì máa ń fi wọ́n hàn lórí bébà gẹ́gẹ́ bí ṣóńṣó gíga àti kúkúrú. Akọ́ṣẹ́ kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rárá; bébà tí ẹ̀rọ ti yà sílẹ̀ ni wọ́n ń fún un, pẹ̀lú orúkọ tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ fún ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan. Nítorí èyí, kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá akọ́ṣẹ́ náà yóò rántí láti kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ lófìfo kí ó lè mọ̀ pé kò sí ìdọ̀tí tẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀, tàbí bóyá ó mọ bí a ti ń fi àwọn alkane, ìyẹn ọ̀wọ́ èròjà tí a ti mọ bí wọ́n ti ń tẹ̀ léra jáde, ṣe òdiwọ̀n àkókò tí èròjà kọ̀ọ̀kan ń jáde. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún un kò sì sọ pé bébà nìkan ni ó kà. Mo rò pé ó yẹ kí ó sọ ọ́, nítorí pé ẹni tó bá gba irú akọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ síṣẹ́ yóò rò pé ó lè lo ẹ̀rọ.

Àwọn bébà tí wọ́n yàn, ní tiwọn, kò ṣeé fojú di. Nínú ọ̀kan, kọ̀ǹpútà pe ṣóńṣó ńlá kan ní limonene, bẹ́ẹ̀ sì rèé, limonene, β-phellandrene àti 1,8-cineole máa ń jáde nítòsí ara wọn gan-an nínú irú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹ̀rọ GC tí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ń lò, débi pé ọ̀kan lè bo èkejì mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá da orúkọ tí kọ̀ǹpútà sọ kọ láìbéèrè àkókò ìjáde rẹ̀ pàdánù máàkì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Bébà kejì jẹ́ ti láfẹ́ńdà: linalool rẹ̀ jẹ́ 34%, linalyl acetate jẹ́ 36%, camphor kò tó 1%. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sí àárín ohun tí ìwé ìlànà Yúróòpù yọ̀ǹda, ìyẹn 20 sí 45 fún ti àkọ́kọ́, 25 sí 47 fún ti èkejì, tí camphor kò sì gbọdọ̀ ju 1.2 lọ. Akọ́ṣẹ́ tó ń kánjú yóò kọ pé ó dára, yóò sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó tín-ń-tín kan wà nísàlẹ̀ bébà náà, dihydrolinalool, tó máa ń ṣẹ́ kù nínú linalool tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ kẹ́míkà. Ẹni tó bá rí i lè béèrè fún bébà mìíràn, èyí tó ya oríṣi linalool méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí pé èròjà yìí ní oríṣi méjì tó jọra bí ọwọ́ ọ̀tún ti jọ ọwọ́ òsì. Èyí tó wà nínú láfẹ́ńdà gidi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo, tí a ń pè ní R. Èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe máa ń jẹ́ ìdajì-ìdajì. Bébà mìíràn yìí kì í wá fúnra rẹ̀. Àfi kí akọ́ṣẹ́ béèrè rẹ̀. Ìṣètò yẹn dùn mọ́ mi nínú.

Ìbéèrè tó wù mí jù nínú gbogbo ìdánwò náà ni ti òróró wintergreen. Èròjà kan ṣoṣo, methyl salicylate, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo òróró yìí, ó sì máa ń lé ní ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ń ṣe èròjà kan náà lówó pọ́ọ́kú. Wọ́n gbé ìgò kan kalẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ àti bébà GC, wọ́n sì béèrè bóyá ojúlówó ni. Ìdáhùn tó gba máàkì kíkún ni pé àyẹ̀wò tó wà lórí tábìlì kò lè sọ ọ́, àti pé ó di kí wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè wọn carbon-14 inú rẹ̀, èyí tí kì í sí nínú ohun tí a ṣe láti ara epo rọ̀bì. Ẹni tó kọ «ojúlówó ni» kò gba nǹkan kan, ẹni tó kọ «àbùlà ni» kò sì gba nǹkan kan. Mo mọ àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí ìdáhùn yìí ṣòro láti ti ẹnu wọn jáde, nítorí wọ́n rò pé ẹni tí a gbà síṣẹ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò lè sọ. Bí ilé ẹ̀kọ́ náà bá tilẹ̀ fa gbogbo ìbéèrè yòókù ya, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi èyí sílẹ̀.

Ìdánwò imú ni ó já mi kulẹ̀. Bí wọ́n ti tò ó tọ́: pélébé bébà mẹ́ta ni wọ́n ń gbé fún akọ́ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, méjì jẹ́ ti òróró kan náà, ẹ̀kẹta yàtọ̀, akọ́ṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ mú èyí tó yàtọ̀. Nọ́ńbà tí a ṣà láìtẹ̀lé ètò ni wọ́n kọ sí wọn, kò sí òórùn mìíràn nínú yàrá náà, ẹni tí ọ̀fìnkìn bá sì ń bá jà lè padà wá ní ọjọ́ mìíràn láìsan owó kún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ń ṣe é, ẹni tó bá sì gba méjì ti yege. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tí kò gbóòórùn ohunkóhun, tó kàn ń fọwọ́ mú, ní àǹfààní kan nínú mẹ́ta nígbà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà 27 ni ìdáhùn ẹ̀ẹ̀mẹta náà lè gbà rí, 7 nínú wọn ni yóò sì fún un ní méjì tàbí mẹ́ta. Bí a bá kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí imú wọn dí pátápátá wá síbẹ̀, nǹkan bí 26 nínú wọn ni yóò yege. Bí wọ́n bá ń ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mejìlá, tí wọ́n sì ní kí akọ́ṣẹ́ gba mẹ́jọ ó kéré tán, àwọn tí yóò fi oríire kọjá kò ní pé méjì nínú ọgọ́rùn-ún.

Nígbà tí mo gbé èyí síwájú wọn, wọ́n ní imú máa ń rẹ ènìyàn, pé kò sẹ́ni tó lè gbóòórùn pélébé bébà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tábìlì mẹ́rin-márùn-ún ló wà nínú ìdánwò náà, kò sì sí ohun tó ní kí wọ́n má fi mẹ́ta-mẹ́ta há àárín wọn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Apá kejì ìdánwò imú dára ju ti àkọ́kọ́ lọ: akọ́ṣẹ́ yóò ti pélébé bébà kan bọ òróró, yóò kọ ohun tó gbọ́ lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn ìdajì wákàtí, àti kí ó tó lọ sílé. Wọn kì í gba «ó dùn» tàbí «ó wuyì» lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí òórùn náà jọ, àti bóyá bébà náà gbẹ tàbí ó ṣì tutù. Ti gbígbẹ yìí kì í ṣe eré, nítorí pé àwọn kan máa ń fi ohun tí kò ní òórùn tí kì í sì tètè fò lọ bu òróró là, imú kì í sì í mú irú rẹ̀. Ìka ló ń mú un.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìgò ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù lọ. Nínú àwọn tí wọ́n ń tò sórí tábìlì, àwọn tó ní àlèébù pọ̀ fíìfíì ju àwọn tó dára lọ. Ó yé mi ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀: kò rọrùn láti gbé ìbéèrè tó dùn ka orí ìgò tí kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ojú àwọn akọ́ṣẹ́ là. Ọ̀rọ̀ náà ti ń ti ẹnu dé ẹnu láàárín wọn pé ìgò tí kò bá yé ọ, kọ̀ ọ́. Bí wọ́n ti ń pín máàkì sì mú kí ìmọ̀ràn náà tọ́, nítorí pé ẹni tó jẹ́ kí àbùlà kọjá ń pàdánù púpọ̀, ẹni tó kọ òróró gidi ń pàdánù táṣẹ́rẹ́. Ẹni tó bá kọ «àbùlà» sórí gbogbo ìgò láìṣí ìkankan wò yóò gba máàkì tó lè ya ènìyàn lẹ́nu.

Èyí kì í dúró sí yàrá ìdánwò. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo rán lọ padà dé pẹ̀lú máàkì tó ga, láàárín ìgbà díẹ̀ sì ni àwọn tó ń fa òróró fún wa bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé a ń dá ẹrù wọn padà láìnídìí. Mo tún àwọn ìgò náà yẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní àrùn kankan. Ara ewéko ni òróró ti ń wá: àkókò ìkórè, ibi tí ó ti hù, bí wọ́n ti pẹ́ tó nídìí ìkòkò oru, gbogbo rẹ̀ ló ń yí ìpín àwọn èròjà rẹ̀ padà, nọ́ńbà tó bá sì sún díẹ̀ kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Ẹni tó fa òróró yẹn ti náwó, ti nára. Bí a bá kọ̀ ọ́ láìtọ́, òun ló ń san owó ìfura wa. Ohun tí mo dábàá fún ilé ẹ̀kọ́ náà ni pé kí ìdajì àwọn ìgò jẹ́ èyí tó dára, kí ìyà àṣìṣe méjèèjì dọ́gba, kí wọ́n sì máa kọ èsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: mélòó nínú àbùlà ni akọ́ṣẹ́ mú, mélòó nínú ojúlówó ni ó gbà wọlé. Máàkì kan ṣoṣo tí wọ́n pò pọ̀ ń bo èkejì mọ́lẹ̀.

Àpótí tí wọ́n ń sàmì sí lórí ìwé ìdáhùn tábìlì tún ń dá kún un. Méjì péré ni, «gbà á» àti «kọ̀ ọ́». Ẹ wo òróró tea tree. Ìlànà ISO 4730 ti ọdún 2017, èyí tí àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìlànà ọjà gbé jáde, fi èròjà terpinen-4-ol inú rẹ̀ sí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán, ó sì ní kí 1,8-cineole má ju 10 lọ. Ti ọdún 2004 tó ṣáájú rẹ̀ gba 30 àti 15. Òróró tó ní terpinen-4-ol 33 àti cineole 12 yege lábẹ́ ti àtijọ́, kò yege lábẹ́ ti ìsinsìnyí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ohun tó wà nínú ìgò náà. Kò wọ ìlànà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àbùlà. Òmíràn tún wà tó jẹ́ ojúlówó tó ti bà jẹ́, bí òróró ọsàn tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ìgò tí kò kún, tí afẹ́fẹ́ ti bá limonene inú rẹ̀ jà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ̀nyí, ohun tí ẹni tó ra òróró yóò sọ fún ẹni tó tà á yàtọ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan, àpótí kan ṣoṣo sì ni wọ́n kó gbogbo wọn sí. Ilé ẹ̀kọ́ tó lè gbé ìbéèrè wintergreen yẹn kalẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa; n kò mọ ìdí tí wọn kò fi jẹ́ kí ó dé orí tábìlì.

Ìwé ìròyìn tí akọ́ṣẹ́ ń kọ ní ìparí kò ní àlèébù tó tó nǹkan. Olùdánwò méjì ló ń kà á láìrí máàkì ara wọn, wọ́n á sì pe akọ́ṣẹ́ jókòó kí ó ṣàlàyé ìdí tó fi kọ ohun tó kọ. Èsì máa ń pẹ́ kí ó tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá dé, àlàyé tábìlì kọ̀ọ̀kan máa ń wà nínú rẹ̀, kì í ṣe máàkì lásán. Ìwé ẹ̀rí náà kò ní ọjọ́ tí yóò parí, èyí tí mi ò fara mọ́, nítorí pé àìsàn kan ṣoṣo lè gba imú lọ́wọ́ ènìyàn, ọwọ́ tí kò sì kan ẹ̀rọ fún ìgbà pípẹ́ yóò gbàgbé. Ní báyìí ná, mo ṣì ń rán àwọn akọ́ṣẹ́ mi lọ síbẹ̀ fún tábìlì ìwọ̀n, bébà GC àti ìwé ìròyìn. Ti imú ni a ń ṣe fúnra wa, ní ẹ̀ẹ̀mejìlá, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé òróró kankan.